LibriVox: Ìtàn àwọn obìnrin àtijọ́, fún etí, lọ́fẹ̀ẹ́

Bó bá jẹ́ ìtàn tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ní ọ̀rúndún 19 lẹ fẹ́ máa gbọ́ nídìí aṣọ lílọ̀ tàbí nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀, LibriVox, ìkànnì ìwé àfetígbọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, la ó kọ́kọ́ júwe fún yín. Láti 2005 ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń ka ìwé tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti parí síbẹ̀. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Ohùn ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn ẹ̀dà kan wà tí òǹkàwé púpọ̀ pín kà, orí kan, ohùn kan. Ọkàn ẹni a sì fò kúrò nínú ìtàn. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ “solo” sí, ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló kà á. Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú 5 láti àárín ìwé, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, torí àárín ni àárẹ̀ òǹkàwé ti máa ń hàn.

Ẹ̀dà 64 kbps (ìwọ̀n dídára ohùn) ni kẹ́ ẹ gbà sórí fóònù: wákàtí kan ń gba nǹkan bíi MB 29. Ti 128 ń jẹ dátà ní ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ohùn ẹnì kan tó ń kàwé kò nílò rẹ̀.

Ìtàn tuntun kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ní káàdì ilé ìkàwé tó ń lo Libby, áàpù tí wọ́n fi ń yá ìwé, lè yá ìyẹn níbẹ̀.