Máṣíìnì Singer ẹlẹ́sẹ̀: ká tún un ṣe, àbí ká sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di tábìlì?

Ẹni tó bá jogún máṣíìnì ìyá àgbà kì í pẹ́ béèrè èyí. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara irin rẹ̀ lápá ọ̀tún: bí lẹ́tà méjì bá ṣáájú, tí E sì jẹ́ àkọ́kọ́, Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ wá ṣí ibi bọ́bìn, ohun tí wọ́n ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí. Bọ́bìn roboto ṣì wà lọ́jà. Èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń yọni lẹ́nu.

Àtúnṣe kì í gbówó lórí bí kò bá ju bẹ́líìtì awọ àti òróró lọ. Mo ti rí èyí tó ganpa. Ìdọ̀tí òwú tó dì mọ́ òróró gbígbẹ ló dè é, kẹrosíìnì díẹ̀ ló tú u. Kò sì nílò NEPA.

Tábìlì ńkọ́? Owó pákó àti ti káfíńtà ni. Ẹ de wíìlì mọ́lẹ̀ kó má yí mọ́ o, kí ìka ọmọ má há sí i! Àmọ́ bí ẹ bá ti ta orí máṣíìnì fún onírin, ó lọ nìyẹn.

Bí ẹnìkan bá ń ránṣọ nílé, ẹ tún un ṣe. Bí orí rẹ̀ bá ti sán, tàbí tí bọ́bìn gígùn rẹ̀ sọnù tí ẹ ò rí òmíràn, ẹ pe káfíńtà.