Professor Layton: Àwọn Èèyàn Inú Rẹ̀ Ló Dè Mí Mọ́lẹ̀

Mo fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́ ló dè mí mọ́ géèmù Professor Layton. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni.

Orí fóònù ni mo ti gbá Curious Village, èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn géèmù náà, ẹ̀dà tó jáde lọ́dún 2018. Géèmù náà fúnra rẹ̀ ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ Level-5 gbé e jáde ní Japan fún Nintendo DS, ẹ̀rọ géèmù tí a ń gbé lọ́wọ́. Layton, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tú àlọ́, àti Luke, ọmọdékùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dé ìlú St. Mystere láti wá Ápù Wúrà tí olówó kan tó ti kú sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Kò sẹ́ni tí wàá bá pàdé níbẹ̀ tí kò ní pa àlọ́ fún ọ.

Àlọ́ keje ò jẹ́ n sùn. Ìkookò mẹ́ta àti òròmọdìyẹ mẹ́ta fẹ́ sọdá odò, ọkọ̀ ò sì gbà ju méjì lọ. Bí ìkookò bá fi lè pọ̀ ju òròmọdìyẹ lọ létí odò kan, ó parí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n jẹ wọ́n mọ́ mi lọ́wọ́, kí n tó rí i pé, lágbedeméjì, èèyàn gbọ́dọ̀ dá ìkookò kan àti òròmọdìyẹ kan padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Bó ṣe yé mi, ariwo ni mo pa. Owó ẹyọ tí a fi ń ra ìtọ́nà wà káàkiri, lára igi, lára àtùpà, ṣùgbọ́n mi ò ná an lórí eléyìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Layton. Ọmọlúàbí ni, ìdí nìyẹn tí àwọn olólùfẹ́ géèmù yìí fi gbé e gẹ̀gẹ̀. Kì í jágbe mọ́ èèyàn. Bí Luke bá sọ̀rọ̀ àìdáa sí àgbàlagbà, jẹ́jẹ́ ló máa bá a wí. Tíì ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, fìlà gogoro ò sì kúrò lórí rẹ̀, àfi ìgbà kan nínú géèmù kẹta, Unwound Future. Mi ò ní tú àṣírí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Emmy, olùrànlọ́wọ́ Layton tó wọlé nínú géèmù kẹrin, náà ní èrò lẹ́yìn gan-an, torí ó gbọ́n, ó sì mọ ìjà jà.

Flora, ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Layton, ló ń dùn mí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, síbẹ̀ ilé ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Nínú géèmù kejì, Don Paolo, ọ̀tá Layton, dè é mọ́lẹ̀, ó gbé ìrísí rẹ̀ wọ̀, àwa sì ń bá ayédèrú rìn kiri. Ọmọ yẹn yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fún ní iṣẹ́ gidi ṣe.

Ọ̀rọ̀ kíkà pọ̀ níbẹ̀ o. Ẹni tó bá ń wá sáré-jà kò ní gbádùn rẹ̀. Àmọ́ bí o bá fẹ́ gbá a, orí Curious Village ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Má fò lọ sí ẹ̀kẹta nítorí ẹkún tí wọ́n ní àwọn sun níbẹ̀. Bí o kò bá tíì bá Layton rìn pẹ́, fìlà tó ṣí yẹn kò ní sọ nǹkan kan fún ọ.