NOD, BDC2.5, 8.3 àbí RIP-LCMV: eku wo ni kẹ́ ẹ rà fún iṣẹ́ àtọ̀gbẹ ní Òṣogbo?

Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí àtọ̀gbẹ táìpù 1 ní Òṣogbo ńbí, tí ọ̀gá yín sì ti ní kẹ́ ẹ lọ wá eku tó dáa, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o. Eku mẹ́rin yìí, gbogbo wọn ló jẹ́ pé sójà inú ara wọn, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà, ló ń dojú kọ sẹ́ẹ̀lì béta tó ń ṣe ínsúlíìnì, àmọ́ iṣẹ́ wọn ò jọra rárá.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí NOD torí òun ni bàbá ìsàlẹ̀. Àwọn ará Japan ló gbé e jáde lọ́dún 1980, ẹnikẹ́ni ò fi jíìnì àjèjì sí i lára, ṣe ni wọ́n ń mú tẹ̀gbọ́n tàbúrò gun ara wọn títí àìsàn yẹn fi di ti ìdílé. Abo ni kẹ́ ẹ rà. Nínú abo 100, nǹkan bíi 60 sí 80 ló máa ní àtọ̀gbẹ kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀, ti akọ kéré sí ìyẹn dáadáa. Sójà ti máa ń ya wọ pancreas, níbi tí sẹ́ẹ̀lì béta wà, láti bí ọ̀sẹ̀ 4, ṣùgbọ́n ṣúgà ò ní gòkè títí wọ́n á fi tó ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹni tó fẹ́ parí prójẹ́ẹ̀tì láàárín sẹ́mẹ́sítà kan kó má wulẹ̀ débẹ̀.

Ibi tó ti ń da èèyàn láàmú rèé: ìmọ́tótó ló ń jẹ́ kí NOD ṣàìsàn. Tí aràn tàbí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ ilé eku yín, iye tó ń ní àtọ̀gbẹ á máa dín kù ni. Ilé eku tí fèrèsé ẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí alángbá ń wọlé, tí eku ilé ń bá wọn jẹ fíìdì lóru, ẹ má kó NOD síbẹ̀, ẹ kàn máa ní wọ́n ta gbàrọgùdù fún yín ni. Kéèjì tó ní fítà lórí lẹ nílò, fíìdì àti ìtẹ́lẹ̀ tó ti la autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò) kọjá, àti jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé ẹ̀ẹ́sì tí iná bá ti lọ. Ooru oṣù kẹta Òṣogbo ò mọ̀ pé eku dọ́là lẹ rà.

BDC2.5 jáde ní 1993. Wọ́n mú jíìnì risẹ́pítọ̀ (ohun tí sójà fi ń dá nǹkan mọ̀) lára T sẹ́ẹ̀lì kan, sójà ara ni, irú CD4 tó máa ń ran àwọn sójà yòókù lọ́wọ́, tó mọ sẹ́ẹ̀lì béta bí ẹní mowó, wọ́n fi sára eku. Èèyàn á rò pé àtọ̀gbẹ á mú gbogbo wọn kíá, rárá o: tí eku náà bá jẹ́ ìran NOD, sójà á ya wọ pancreas ní bí ọ̀sẹ̀ 3, púpọ̀ nínú wọn á sì jókòó síbẹ̀ láì ṣọṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó dì wọ́n lọ́wọ́ mú ni kó rà á, tàbí ẹni tó fẹ́ gba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kó gún un sí NOD-scid, ìran NOD kan tí ò ní T àti B sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀. Ìyẹn yá dáadáa, àmọ́ oríṣi eku méjì lẹ máa bọ́.

Èmi fẹ́ràn 8.3 fún ẹni tí ò lásìkò. T sẹ́ẹ̀lì irú CD8, tó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀, ni tiẹ̀, 1997 ló jáde, IGRP, prótéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì béta, ló ń lé, akọ ni o abo ni o, àtọ̀gbẹ ń tètè mú wọn ju NOD lásán lọ. Àléébù ẹ̀ ni pé nǹkan kan ṣoṣo ni sójà ẹ̀ mọ̀, tara èèyàn ń bá oríṣiríṣi prótéènì jà, torí náà oògùn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ lára wa.

RIP-LCMV ti 1991 dùn lórí ìwé: prótéènì fáírọ́ọ̀sì eku kan tó ń jẹ́ LCMV wà lórí sẹ́ẹ̀lì béta, eku á wà lálàáfíà títí tẹ́ ẹ máa fi gún LCMV sí i, ẹ̀yin lẹ máa mú ọjọ́. Àmọ́ LCMV ń mú èèyàn o, ewu ńlá ló sì jẹ́ fún oyún. Láìsí lábù tó ní ààbò tó péye, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé ewúro lẹ fẹ́ fi sọ ṣúgà kalẹ̀ lásán, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe? Ẹ lọ gún streptozotocin, kẹ́míkà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì béta, sí eku àdúgbò.

Ẹ gba pọ́mítì ìkó-ẹranko-wọlé kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ìwé ìlera eku àti bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ jíìnì wò lára àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí. Kẹ́ ẹ sì ra strip glucometer dání, tó pọ̀, torí ṣúgà gbọ́dọ̀ ju 250 mg/dL lọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra kẹ́ ẹ tó pe eku kan ní alátọ̀gbẹ. Àmọ́ àwọn tó ń fọ kéèjì ló máa kọ́kọ́ mọ̀, torí ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀ láàárọ̀ á ti rin gbingbin kílẹ̀ tó ṣú.