Ẹ́ńjìnnì ìgégi tó sọ mí di òpùrọ́ n'Ídùúmọ̀tà

Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé màmá kan ní Yábàá. A ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó igi àti ọgbà, a ti so okùn mọ́ ọn, mo ti gé e dé ìdajì, ẹ̀ka tó tóbi jù lára ẹ̀ sì fì sórí páànù ilé kejì. Epo ti ń tán lọ, mo pa ẹ́ńjìnnì kí n bu sí i, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fa okùn, kò dáhùn. Mo fà á títí apá ọ̀tún mi fi kú, ọmọṣẹ́ mi gbà á, òun náà fà á títí, a bú u, a bẹ̀ ẹ́. Màmá jókòó sórí àga, wọ́n ń wò wá, "ẹ kú iṣẹ́ o" nìkan ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń tún un sọ bíi pé èébú ni. Nígbà tó pé wákàtí kan tára ẹ̀ ti tutù, ó jí ní fífà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bó ṣe ń ṣe látọjọ́ náà nìyẹn: láàárọ̀, fífà kan tàbí méjì, tó bá ti gbóná tẹ́ ẹ pa á, ó parí.

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì ní dárúkọ ẹ́ńjìnnì. Agbára ẹ̀ àti gígùn irin ẹ̀, ẹ lọ kà á lára páálí.

Ẹ̀bútè Mẹ́tta ni mò ń gbé, Ìdúmọ̀tà làwọn tó tà á fún mi wà. Mo gbé e gba Carter Bridge lọ bá wọn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lórí afárá fún wákàtí kan àtààbọ̀, kí n tó débẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti tutù bí omi àmù. Ọmọ tó wà níta gbé e sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, gbùrùrùrù! Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Máníjà wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa jẹun dáadáa kẹ́ ẹ tó fà á." Èmi tí bàbá mi ti ń la pákó l'Ókòbàbà kí wọ́n tó ní káwọn onípákó kó lọ Àgbọ́wà!

Mo tún padà lọ. Wọ́n gbà á sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ní àwọn ti sáfíìsì ẹ̀. Irọ́ o, plọ́ọ̀gì ni wọ́n kàn pààrọ̀, wọ́n sì gba ₦3,500, wáráńtì oṣù mẹ́fà wà lára rìsíìtì mi, wọ́n ní plọ́ọ̀gì ò sí nínú wáráńtì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi gégi, ó tún kú.

Nígbà tó wá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ìtì kan lára máńgòrò màmá Yábàá yẹn gan-an, mo gbé e wọ dáńfó. Kọ́ńdọ́ ní ìtì náà máa san owó èèyàn méjì, mo san án. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn, mo ní kí máníjà jáde wá. Mo tan ẹ́ńjìnnì, fífà kan, máníjà rẹ́rìn-ín, mi ò dá a lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìtì yẹn bí ẹni gé búrẹ́dì, ìwọ̀n ìka mẹ́ta ìwọ̀n ìka mẹ́ta, lẹ́búlẹ́bú igi ń bo bàtà gbogbo èèyàn, àwọn alábàárù dúró tẹrùtẹrù, ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà agọ́nyìn fi páálí bo ìkòkò ẹ̀, ó ń gbé mi ṣépè. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pa á. Mo wo aago títí ó fi pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo na okùn sí máníjà. "Àbúrò, ó kàn ẹ́."

Ó fà á. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn, ó tún fà á. Mo kà á dé 37. Ẹnì kan pariwo láàrin èrò, "Máníjà, ṣé ẹ ti jẹun?" Owó èèyàn méjì tí mo san fún igi ò dùn mí mọ́ rárá.

Ariwo yẹn ló mú ọmọbìnrin kan sọ̀kalẹ̀ látòkè, òun ló ń túnṣẹ́ fún wọn, gíríìsì dé ìgúnpá ẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́, bọ̀dá mi. Ẹ má jẹ́ kó tutù o." Látọjọ́ tí mo ti ń lọ, ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn! Ó tú ìdérí epo díẹ̀, ó fetí sí i. Ó ní tó bá dún fííì, ihò tí tánkì fi ń mí ló dí, epo ò ní lè dé kábúrétọ̀. Kò dún. Ó tú plọ́ọ̀gì, ó gbé e kan ara irin, ó ní kọ́mọ ṣọ́ọ̀bù fa okùn. Kò taná. Ó fi òmíràn dán an wò, kò taná. "Kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná ni. Tó bá gbóná, wáyà inú ẹ̀ á pínyà, tó bá tutù á tún so pọ̀, ìyẹn ló fi ń sọ yín dòpùrọ́."

Ó gbé kọ́ìlì tuntun wá, ó wá gba káàdì tí máníjà máa ń pín fáwọn kọ́sítọ́mà, ó fi í sáàrin kọ́ìlì àti wíìlì tí mágínẹ́ẹ̀tì wà lára ẹ̀, ó di nọ́ọ̀tì, ó fa káàdì yọ. Ó ní àyè tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò ju bí páálí yẹn ṣe nípọn lọ, bíi 0.3 mílímítà. Iṣẹ́ gidi kan tí mo tíì rí kí káàdì yẹn ṣe nìyẹn.

Ló bá yíjú sí mi. "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ máa ń fa ṣóòkù tó bá ti gbóná?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí kó lè tètè jí ni. Ó mirí. Ó ní ṣóòkù máa ń dín atẹ́gùn kù kí epo lè pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó tutù, mò ń fi epo rì í ni: tó bá gbóná kí n fi ṣóòkù sílẹ̀, kí n tẹ ibi tá a fi ń fún un lépo dé ìdajì, kí n fà, tó bá ti rì, kí n ti ṣóòkù padà sípò, kí n tú plọ́ọ̀gì, kí n fà á bíi ẹ̀ẹ̀mẹfà kí epo lè jáde. Ó tú ìbòrí ẹ̀ hàn mí, lẹ́búlẹ́bú igi àti ọ́ìlì ti dì bí ẹ̀kọ síbi tí atẹ́gùn ń gbà tu ẹ́ńjìnnì lára. "Ẹ̀ ń sè é ni." Ó tún bi mí pé kí ni mo fi ń wọn ọ́ìlì sínú epo. Ojú ni. 50 sí 1 ló wà nínú ìwé ẹ̀, 20 mílí ọ́ìlì sí lítà epo kan, mi ò ṣí ìwé yẹn rí. Mo wolẹ̀. Ó ní ooru yẹn lè wà lára ohun tó pa kọ́ìlì, ó sì rọra sọ ọ́ débi tí máníjà ò gbọ́, Ọlọ́run á bù kún un.

Máníjà wá ní kí n san ₦4,000 owó iṣẹ́! Mo na rìsíìtì sí i lójú, mi ò san kọ́bọ̀. Ó ní kí n gbálẹ̀, mo gbá a, torí ìyá ẹlẹ́wà ni o. Mo ra ẹ̀wà pẹ̀lú.

Ó ti ń lọ sóṣù méjì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní Sùúrùlérè, oòrùn ọ̀sán gangan, mo pa á, mo bu epo, ìṣẹ́jú méje, fífà kẹta ló jí. Ó ṣì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà ọwọ́ okùn ẹ̀ sì ti ń bó.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5, ọ̀kan tí mo yọ, ti máníjà ni. Mi ò ní ra nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ láyé mi, àfi ọ́ìlì two-stroke tí mo fẹ́ lọ rà ní Sátidé, ìyẹn tí ọmọbìnrin yẹn bá wà lẹ́nu iṣẹ́.