Mo Kó Anthony Joshua Pàdé Frazier, Foreman àti Ali: Àgbéyẹ̀wò Géèmù Fight Night Champion

Láti alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni èmi àti Bàámi ti ń fa ọ̀rọ̀ kan mọ́ra wa lọ́wọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò méjì, Anthony Joshua àti Wladimir Klitschko, kojú ara wọn ní pápá Wembley, níwájú èèyàn 90,000. Joshua gbá Klitschko lulẹ̀ ní ráúǹdù karùn-ún, Klitschko náà gbá a lulẹ̀ ní ìkẹfà. Nígbà tó di ìkọkànlá, Joshua fi ọwọ́ ọ̀tún ju ẹ̀ṣẹ́ àtìsàlẹ̀ kan tó gbé orí bàbá náà padà sẹ́yìn, kò sì pẹ́ tí rẹfirí fi dá ìjà dúró. Mo fò sókè láàárín yàrá. Mo ní, "Bàámi, kò sẹ́ni tó lè na ọmọ Ṣágámù yìí, Ali pàápàá ò tó bẹ́ẹ̀!" Wọn ò tilẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ní, "O ò mọ Ali ni."

Ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n lọ́dún 1974, nígbà tí Muhammad Ali àti George Foreman jà ní Kinshasa. Aago mẹ́rin ìdájí ni ìjà yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, aago Kinshasa àti tiwa nílé ò sì yàtọ̀ síra. Wọ́n ní ìdí rédíò àwọn àgbà làwọn wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá rántí irú ìdájí bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ìdí tí mo fi ra géèmù yìí nìyẹn. Oṣù Kẹta ọdún 2011 ni EA Sports gbé Fight Night Champion, géèmù ẹ̀ṣẹ́ jíjà, jáde fún ẹ̀rọ géèmù PS3 àti Xbox 360. Joshua kò tíì gba góòlù Òlíḿpíìkì nígbà náà (2012 nìyẹn, ní Lọ́ńdọ̀nù), nítorí náà kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ali wà níbẹ̀, Joe Frazier àti Foreman wà níbẹ̀, Tyson, Holyfield àti Lennox Lewis náà ò gbẹ́yìn. Èyí tó wá ṣe pàtàkì sí mi jù ni pé géèmù náà fún èèyàn láyè láti dá abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tirẹ̀: kó ga tó, kó wúwo tó, kí apá rẹ̀ gùn tó, kí àgbọ̀n rẹ̀ gba ẹ̀ṣẹ́ mọ́ra tó. Ìtàn kan tún wà nínú rẹ̀, ti Andre Bishop tó tinú ẹ̀wọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ó dùn, mo ṣe é tán, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo bá wá.

PS3 tòkúnbọ̀ ni mo rà, pẹ̀lú páàdì méjì àti síìdì géèmù náà, lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan tó búra fún mi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni gbogbo ayé fi ń na Joshua mi. Frazier nà án, Foreman nà án, Lewis náà nà án. Ó dùn mí, mo sì ti ń rò ó pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Bàámi ń sọ. Ọjọ́ tí àbúrò mi gba páàdì kejì, tó sì lu Frazier pa ní ráúǹdù kẹrin, ni mo tó yẹ ọwọ́ mi wò. Inú géèmù yìí, ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ọ̀tún ń yí ni ẹ̀ṣẹ́ ti ń jáde. Bí o bá tì í síwájú díẹ̀ sí òsì, jáàbù (ẹ̀ṣẹ́ tààrà) ni. Bí o bá tì í sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni; bí o bá fà á sísàlẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àtìsàlẹ̀ ni. Ọ̀pá ti páàdì mi ti jẹ, rọ́bà orí rẹ̀ ti fá débi pé ó ń dán, ó sì ń dá tẹ̀ sí òsì láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún tí mo rò pé mo ju, kò jáde rárá. Mo ra páàdì mìíràn, mo nu gbogbo èsì ọ̀sẹ̀ yẹn kúrò, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ páàdì yẹn ló jẹ́ kí n ronú sí ohun mìíràn. Lọ́dún 1967, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Murray Woroner, oníṣẹ́ rédíò ní Miami, kó ìròyìn àwọn ògbóǹtarìgì akànṣẹ́ hẹ́fíwéètì (àwọn tó wúwo jù) sínú kọ̀ǹpútà NCR 315, ó sì ní kó sọ ẹni tí ì bá na ẹnì kejì. Kọ̀ǹpútà náà ní Jim Jeffries ì bá na Ali. Inú bí Ali débi pé ó gbé Woroner lọ sílé ẹjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ òun àti Rocky Marciano pé kí wọ́n wá ṣe bí ẹni ń jà níwájú kámẹ́rà, kí wọ́n lè fi èsì tí kọ̀ǹpútà bá mú wá han aráyé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1970 tí wọ́n fi í hàn ní Amẹ́ríkà, Marciano ló gbá Ali lulẹ̀ ní ráúǹdù kẹtàlá. Marciano fúnra rẹ̀ kò rí i, nítorí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ti pa á ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1969. Ohun tí wọ́n bá fi bọ́ kọ̀ǹpútà ló máa pọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù tèmi yìí. Èmi ni mo ń bọ́ ọ.

Mo wá ṣí Joshua mi wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 6, apá íńṣì 82 (láti orí ìka ọwọ́ kan dé ti ìkejì), kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti jẹ́ kí n fún un ní àgbọ̀n tí kò ní. Andy Ruiz gbá a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní New York ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019. Daniel Dubois dá a dúró ní ráúǹdù karùn-ún ní Wembley lọ́dún 2024. Mo jókòó, mo dín àgbọ̀n kù, mo dín èémí kù, mo fi agbára ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ níbi tó wà. Ó ro mí lọ́kàn bí mo ṣe ń dín in, àmọ́ bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara mi ni mò ń tàn.

Ìgbà náà ni géèmù yìí wá dùn. Ìjà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo bá ẹnìkọ̀ọ̀kan jà. Ti Frazier ni mo fẹ́ràn jù. Kílò 93 ni Frazier wọ̀n lálẹ́ tó na Ali lọ́dún 1971. Joshua tó kílò 113 lálẹ́ ti Klitschko. Ẹ ó rò pé ó ti tán nìyẹn. Rárá o. Frazier inú géèmù yìí kì í dúró gbọnrangandan, ara rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni ń gúnyán, ó sì ń sún mọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ́ gígùn tí mo bá jù ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bó bá ti bọ́ sínú apá mi báyìí, ẹ̀ṣẹ́ òsì yẹn ti dé etí. Ní ráúǹdù kẹfà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Joshua ti wú, ojú rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ dí, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí ṣòkòtò funfun. Mo wá rántí ohun tí Foreman ṣe fún Frazier ní Kingston lọ́dún 1973, tó gbá a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ráúǹdù méjì: ìgbà tó bá tẹ̀ wálẹ̀ ni kí o ju àtìsàlẹ̀. Joshua sì ní in, òun ló fi na Klitschko. Láti ìgbà tí mo ti ń dúró de ìtẹ̀ wálẹ̀ yẹn, Joshua gba méje nínú mẹ́wàá.

Foreman le. Àwọn méjèèjì lágbára, ẹni tó bá kọ́kọ́ bá ẹnì kejì ló ni ín, Joshua mi gba mẹ́rin. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ali ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo gba méjì péré, ráúǹdù àkọ́kọ́ sí ìkẹta sì ni mo ti gba méjèèjì. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà á gbé e kúrò níbi tí ẹ̀ṣẹ́ mi ń lọ, jáàbù rẹ̀ á sì ti wà lójú mi. Mo wo ìwọ̀n Ali: ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 3, apá íńṣì 78. Mo wo ti Oleksandr Usyk: ọ̀kan náà ni, íńṣì kan ò yàtọ̀. Usyk yìí ló na Joshua ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2021, tó tún nà án ní Jeddah lọ́dún 2022. A ti rí ìjà Joshua àti Ali kọjá nígbà náà, a kàn ń pè é ní orúkọ mìíràn ni. Ìyẹn ni mo sọ fún Bàámi. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ti Ali, ráúǹdù 15 ni o."

Òótọ́ ni. Ráúǹdù 12 ni gbogbo ìjà àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé tí Joshua ti jà. Lẹ́yìn tí Duk Koo Kim kú nítorí ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Ray Mancini ní oṣù Kọkànlá ọdún 1982 ni WBC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé, dín ráúǹdù 15 kù sí 12, àwọn àjọ yòókù sì tẹ̀ lé e. Ráúǹdù kẹẹ̀ẹ́dógún ni Frazier gbá Ali lulẹ̀ lọ́dún 1971. Ali dìde, ó sì parí ìjà náà lórí ìdúró. Ibo ni mo ti fẹ́ rí nọ́ńbà tí mo máa fi sí iwájú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú géèmù?

Síbẹ̀, 4 nínú 5 ni mo fún un, ọkàn mi sì balẹ̀ lé e. Mi ò tíì rí ohun tó jẹ́ kí n mọ ẹ̀ṣẹ́ Joshua yékéyéké bí èyí, àti ibi tó ti dára gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ má sanwó kí ẹ tó tan án níbẹ̀. Ẹ fi páàdì sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ yọwọ́ kúrò, kí ẹ wo abẹ̀ṣẹ́ yín fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń ju ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ ò ní kó jù, ẹ ní kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀.