Sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú orúkọ kọ́sítọ́mà: oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lò ó ní Kábà

Okun o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Kábà níbí, pánẹ́ẹ̀lì, ínfátà, bátìrì, àti wáyà tí ẹlòmíì ti bàjẹ́ tí wọ́n á ní ká wá bá àwọn tún ṣe. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń sanwó fún sọ́fítíwíà kan tó máa ń kó orúkọ àti nọ́ńbà kọ́sítọ́mà sójú kan, tó sì máa ń fi hàn ẹ́ ìpolówó tó mú ẹnì kọ̀ọ̀kan wá. Àwọn tá a jọ ń tajà ń bi mí ṣé ó dáa, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ eléyìí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ o, torí ibì kan ń bọ̀ tí màá ti bú wọn, mi ò sì fẹ́ wàhálà.

Tẹ́lẹ̀, ìwé ẹ̀sásáìsì ni mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Mo gbé ìpolówó sórí Facebook, mo sanwó fún rédíò, mo tẹ fíláyà tí ọmọ iṣẹ́ mi ń pín lọ́jà àti níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù bá dún inú mi á dùn, ká sáà ti tajà, ta ló ń bi èèyàn léèrè ibi tó ti rí nọ́ńbà. Ó dìparí oṣù, owó ìpolówó ti lọ, ọjà tà díẹ̀, mi ò wá mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mú un tà. Ìwé yẹn gan-an, òjò pa á lórí òrùlé ilé kan ní Ìyàrà, yíǹkì ẹ̀ ṣàn bí omi ẹ̀fọ́.

Ohun tó wù mí jù nínú sọ́fítíwíà yìí ni àyè kan tí wọ́n kọ lead source sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orúkọ èèyàn tuntun sí i, kò ní gbà àfi tẹ́ ẹ bá mú ibi tó ti gbọ́ nípa yín. Ó kọ́kọ́ ń bí mi nínú, kọ́sítọ́mà á wà lórí fóònù èmi á máa wá ohun tí màá tẹ̀, àmọ́ òun ló kọ́ mi láti máa béèrè. Béèyàn bá ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ tán báyìí, màá ní ẹ jọ̀ọ́, ta ló júwe wa fún yín?

Lẹ́tà jàgànjàgàn tó máa ń wà nídìí líǹkì, èyí tó fi utm bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kà á fúnra ẹ̀, ẹni tó bá gba fọ́ọ̀mù wẹ́ẹ̀bù wọlé á ti gbé orúkọ ìpolówó tó mú un wá dání. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ fọ́ọ̀mù ní Kábà? WhatsApp ni gbogbo wa. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo ṣe líǹkì wa.me, èyí téèyàn á tẹ̀ tá á gbé e wọ WhatsApp wa tààrà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó tẹ ti Facebook, ohun tó máa bá nínú àpótí ìkọ̀wé ẹ̀ ni "Ẹ káàsán, mo rí sólà yín lórí Facebook", ti orí fíláyà ní tiẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́, mo ti mọ ìpolówó tó mú wọn wá.

Ibi tó ti kọ́kọ́ fìyà jẹ mí ni pé lágbègbè wa níbí, ẹni tó ń pè kọ́ ló ń sanwó. Ìyá kan ní Ìsánlú ni kò ní iná nílé, ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ábújá ló rí ìpolówó wa, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà l'Ékòó ló sanwó, àbúrò bàbá ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin, ọjà kan ṣoṣo. Sọ́fítíwíà kà á sí léèdì mẹ́rin, ìyẹn èèyàn mẹ́rin tó ṣeé ṣe kí wọ́n rajà, ó ní ọ̀kan rà, mẹ́ta sọnù. Sọnù bíi báwo? Ìgbà tó yá ni mo rí i pé àyè company wà, àwọn ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún, èmi kọ "Ilé Ìyá Ìsánlú" síbẹ̀, mo kó àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ẹ̀, ó sì tò.

Ẹ ṣọ́ Excel o. Nígbà tí mo tẹ nọ́ńbà inú ìwé sí i kí n lè gbé e wọlé, òdo iwájú já dànù, 080 di 80, kò wá sí èyí tó ṣeé pè níbẹ̀. Ẹ yí ibẹ̀ sí Text kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun. Bákan náà, nọ́ńbà kan náà tó bá wà pẹ̀lú òdo tó tún wà pẹ̀lú +234, èèyàn méjì ló kà á sí, mo kí àgbà kan kú ọdún tuntun lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ní ṣé mo ti mutí ni.

Ibi tí mo ti fẹ́ bú wọn wá dé. Dọ́là ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù, káàdì mi kọ̀ lóṣù kẹta, ni wọ́n bá tì mí síta láàárọ̀ Mọ́ńdè, orúkọ kọ́sítọ́mà tèmi ni mò ń yọjú wò bí ẹni tó jí i. Ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Látìgbà yẹn, gbogbo Fúráìdè ni mò ń kó gbogbo ẹ̀ jáde sínú fóònù. Tẹ́ ẹ bá sì wọ abúlé Bùnú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, kò ní ṣí rárá, bírò àti ìwé náà ni.

Tó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún mẹ́fà ló ń pè yín lọ́sẹ̀, ẹ má sanwó kankan. WhatsApp Business tó ti wà láti 2018 ní label, àmì aláwọ̀ tẹ́ ẹ lè lẹ̀ mọ́ orúkọ kọ́sítọ́mà, ogún ni wọ́n gbà yín láyè, ẹ kọ Facebook, ẹ kọ rédíò, ẹ kọ fíláyà, ó tán. Ẹ má sì ta nọ́ńbà èèyàn fún ẹnikẹ́ni, ẹnì kan ti wá fowó lọ̀ mí, mo ní rárá, òfin tó ń dáàbò bo dátà èèyàn ti wà láti 2023.

Mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un. Rédíò ni wọ́n máa ń dárúkọ jù, àmọ́ wọ́n kàn ń béèrè iye ni, wọn kì í padà wá. Àwọn tó ń sanwó, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ ṣáá, pé ìyá elépo tó wà lẹ́bàá ọjà ló júwe wa, ẹni tá a bá ṣe sólà sílé lọ́dún tó kọjá. Mo wá fi "Ìyá Elépo" kún lead source, ó wà láàárín Facebook àti rédíò báyìí, màmá ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé iná sólà kékeré kan fún un kó máa fi tajà lálẹ́, níbi tí wọ́n sì ní kí n kọ iye tí ìpolówó náà ná mi, owó iná yẹn ni mo kọ síbẹ̀.