Mo ra Doctor Who tòkunbọ̀ ní Dùgbẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ṣé ẹ mọ àwọn tó ń ta DVD tòkunbọ̀ ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n máa ń kó o sínú gánà-mọ́sì-gò? Ibẹ̀ ni mo ti rí Doctor Who: The Beginning, ìbẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n BBC nípa Dókítà kan tó ń fi ọkọ̀ TARDIS rìnrìn àjò láti ìgbà dé ìgbà, àwo mẹ́ta nínú páálí kan, 2006 ni wọ́n gbé e jáde. Bọ̀dá tó ń tà á pè é ní 5,000, mo ní "ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣì ń wo DVD láyé ìsinyìí?" ó ní "ìwọ," la bá bú sẹ́rìn-ín, mo san 3,000.

Eré ọ̀hún gan-an falẹ̀ o. Ibi tí wọ́n ti lọ bá àwọn ará ayé àtijọ́ tí wọn ò rí iná dá yẹn, mo sùn lọ ni. Ohun tí ò jẹ́ kówó mi wọgbó ni ibi táwọn tó ṣe é ti jókòó tí wọ́n ń rojọ́ bó ṣe lọ. Ọmọ ọdún 27 péré ni Verity Lambert tí wọ́n fi ṣe pródúsà, Waris Hussein tí wọ́n bí sí Íńdíà sì ni dárẹ́kítọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ya apá àkọ́kọ́, torí Sydney Newman tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní kí wọ́n lọ tún un ṣe. Tàkọ́kọ́ tó bàjẹ́ yẹn wà nínú páálí yìí, ẹ ṣáà wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn níbẹ̀: wọ́n tì í tì í kò tì, ó ń gbá gbà-gbà-gbà bí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, àwọn òṣèré ń bọ́rọ̀ lọ bíi pé etí wọn di. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé àtúnṣe jáde, 23 November 1963, àná ẹ̀ ni wọ́n yìnbọn pa Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ́n tún ní láti gbé e lẹ́ẹ̀kejì lọ́sẹ̀ kejì.

Ti ohùn ló pa mí jù. Ron Grainer ló kọ orin, àmọ́ Delia Derbyshire ló fi bíléèdì gé téépù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń lẹ ohùn mọ́ ohùn títí tó fi dorin. Ariwo ọkọ̀ TARDIS ńkọ́? Brian Hodgson fi kọ́kọ́rọ́ ilé màmá ẹ̀ ha wáyà dùùrù ògbólógbòó kan ni! Mo bá mú kọ́kọ́rọ́ tèmi, mo fi ha gìtá àbúrò mi, kò jọ ọ́ rárá, Màámi ló pariwo láti kíṣìnì pé kí la ń ha báyẹn, ṣé ìkòkò àwọn kọ́ ni sha.

Àléébù ẹ̀: àwo kan ti họ, ó ń há síbì kan náà, mo fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún kó tó gbà díẹ̀. Ìkejì, ó ti pẹ́ jù, kò dé ibi ọ̀rọ̀ Jos. BBC máa ń pa nǹkan tó wà lórí téépù rẹ́ láyé ijọ́un kí wọ́n lè tún un lò, ẹ̀dà tí wọ́n kó lọ tà nílẹ̀ òkèèrè ló gba ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Ní 2013 ni wọ́n kéde pé Philip Morris, ọkùnrin kan tó ń wá eré tó sọnù kiri, rí apá 9 tó ti sọnù ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos, ti àsìkò Patrick Troughton, òṣèré kejì tó ṣe Dókítà. Jos tiwa yìí o! Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ sí Agodi níbi tí WNTV, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn ayé àtijọ́, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, kí n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí stóò yín wò.

Àwo náà, 4 nínú 5. Bọ̀dá yẹn, 3, torí mo gbé èyí tó họ padà, ó ní tòkunbọ̀ ò ní ìpadà. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé laptop tó ní ibi tí wọ́n ń ki àwo sí dání, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó yọwó.